Àbámẹ́ta Mẹ́fà ní Kàbbà: Àgbéyẹ̀wò Kíláàsì Kan lórí Performance

Bí ẹnìkan bá ní ₦25,000 àti owó ọkọ̀ Àbámẹ́ta mẹ́fà, tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá pe iṣẹ́ ọnà kan ní performance, ìyẹn ìṣe tí ènìyàn fi ara rẹ̀ ṣe lójú àwùjọ, ó lè forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí, kò sì ní kábàámọ̀, bí ó bá ti lè fara da ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo sọ ìdájọ́ mi ṣáájú kí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè má baà bá mi rin ìrìn jíjìn kí ó tó mọ ibi tí mo ń lọ. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò rẹ̀, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn kan tàbí méjì wà nínú ohun tí mo ní láti sọ, n kò sì fẹ́ kí a rí i bíi pé mo fi ìwé gbógun ti ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Mọ̀pà. Àwòrán yíyà, amọ̀ mímọ àti aṣọ rírẹ ni ìwé ètò-ẹ̀kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan ni mo ti ń rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà tí à ń gbọ́ òkìkí wọn ní Èkó àti lókè òkun kì í gbé àwòrán kọ́ sára ògiri mọ́. Ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, ní ojú títì, nínú ọjà, lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ bá sì bi mí pé kí ló sọ ìyẹn di ọnà, èsì tí mò ń fún wọn kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọ ọkọ̀ lọ sí Kàbbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní gbogbo Àbámẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àwa mọ́kànlá ni a jókòó sínú yàrá kan tí ó ní àga oníke, pátákó ìkọ̀wé funfun kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan lẹ́yìn fèrèsé tí ohùn rẹ̀ ga ju ti olùkọ́ lọ. Bàbá kan tí ó ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ rí, tí ó sì ti fẹ̀yìn tì, ń wá láti Ìyàrà. Alága ìjókòó kan ń wá láti Ìsánlú, obìnrin tí kì í ráyè ní Àbámẹ́ta tẹ́lẹ̀ nítorí ìdána, tí ó sì fi owó tí ì bá pa níbẹ̀ sílẹ̀ torí ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin kan wà láti Bùnú, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ. Àwọn tó kù ni ayafọ́tò méjì, àgùnbánirọ̀ mẹ́ta, èmi, àti àwọn méjì tí n kò gbọ́ ohùn wọn títí a fi parí. Olùkọ́ wa kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ọmọ Òwé, ìyẹn àwọn ará Kàbbà, ni, ó kàwé dáadáa, ó sì máa ń gba àtúnṣe, èyí tí kì í sábà wọ́pọ̀ lára ẹni tó bá kàwé dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó burú jù. Olùkọ́ túmọ̀ performance sí “eré”, ó túmọ̀ performativity sí “ìṣeré”, ibẹ̀ ni nǹkan sì ti dàrú. Eré ni ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá, eré ni a ń sá lórí pápá, eré ni àwọn òṣèré ń ṣe nínú fíìmù, ẹni tí a bá sì sọ fún pé ó ń ṣeré lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé a bú òun ni. Nígbà tí ó wá sọ fún wa pé Erving Goffman, onímọ̀ nípa àwùjọ, nínú ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde ní Edinburgh ní ọdún 1956, fi ìgbé-ayé ojoojúmọ́ wé orí ìtàgé, Bàbá láti Ìyàrà na ọwọ́ sókè, ó bi í léèrè bóyá ohun tí Òyìnbó náà ń sọ ni pé gbogbo wa ń tan ara wa jẹ. Ìdáhùn tí olùkọ́ fún un kò dé ibi tí ìbéèrè náà wà. Èmi ì bá sọ fún Bàbá pé Goffman lọ gbé ní ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Shetland, ó sì wo bí àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ṣe ń hùwà ọ̀tọ̀ nínú ilé ìdáná, tí wọ́n sì ń hùwà ọ̀tọ̀ bí wọ́n bá ti gbé àwo oúnjẹ kọjá ẹnu ọ̀nà sí iwájú àlejò. Ẹni tó bá ti rí bí ohùn ṣe ń yí padà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀ nígbà tí àna bá wọlé lójijì ti mọ ohun tí ó ń sọ, kò sì sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní irọ́. Fún àǹfààní ẹni tó bá tún fẹ́ kọ́ wa, “ìṣe lójú àwùjọ” ni èmi ì bá pe performance. Performativity ní tirẹ̀, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe kan ṣe ń dá ohun tí ó ń sọ sílẹ̀, n ó fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí pé n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè gbé e láìsí pé ó dà á sílẹ̀.

Ìwé kíkà tí wọ́n pín fún wa, ẹ̀dà ni wọ́n dà á, a sì san ₦3,500 lọ́tọ̀ lé e lórí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wa ṣáájú. Ojú ìwé mẹ́rin sọnù nínú tèmi. Nínú ti àwọn kan, ojú ìwé kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni owó mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ọwọ́ mi. J. L. Austin ni a fi ọjọ́ náà kà, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ni ní Oxford, tí ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lókìkí jù ní Harvard ní ọdún 1955, tí ó kú ní 1960, tí wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní 1962. Ohun tí ó ṣàkíyèsí kò le láti mọ̀. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, ẹ lè yọjú wo ìta kí ẹ sọ bóyá òótọ́ ni mo sọ tàbí irọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi tuntun tí ó ní “Mo sọ ọkọ̀ yìí ní orúkọ báyìí”, tàbí tí ó ní “Mo bá ọ ta tẹ́tẹ́ pé òjò á rọ̀ lọ́la”, tàbí tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún pé “Mo fi aago mi sílẹ̀ fún àbúrò mi”, kò ròyìn ohunkóhun fún wa. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni ó ń ṣe é. Austin fúnra rẹ̀ ni ó ni àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ó lè jẹ́, ó sì lè má jẹ́, bí a ti ń sọ nípa oògùn.

Nígbà tí olùkọ́ dé ibí yìí, ó kọ “ÀṢẸ” gàdàgbà sára pátákó, ariwo sì sọ nínú yàrá. Àwọn kan dárúkọ ọfọ̀, àwọn kan dárúkọ èpè àti ìwúre, ayafọ́tò kan sọ pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí kí wọ́n tó bí baba Austin. Inú èmi náà dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó hàn sí mi pé a ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ tí Austin ń sọ kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀. Àdéhùn àwùjọ ni ó ń mú un jẹ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ìlànà kan ti wà tí gbogbo ènìyàn gbà, pé ẹni tó tọ́ ni ó sọ ọ́, ní ibi tó tọ́, àti pé ó sọ ọ́ tán láìfò. Ọfọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ni ín ṣe sọ, kò dúró de àdéhùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ orúkọ àbísọ ohun kan lè pè é ní òun nìkan, ní òru, nínú igbó, ohun náà á sì jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ wọn.

Bí a bá ń wá mọ̀lẹ́bí Austin nílé wa, ìwúyè ni kí á wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àwọn afọbajẹ bá fi ewé akòko sí ènìyàn lórí, tí wọ́n pe orúkọ oyè náà, ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi Lágbájá yóò jáde gẹ́gẹ́ bí olóyè, àwọn tó jù ú lọ pàápàá á sì máa kí i bí a ti ń kí oyè. Èmi náà lè já ewé akòko lẹ́yìn ilé mi lónìí, kí n gbé e lé orí, kí n sì pe ara mi ní Ọbarò Kàbbà. Ewé náà yóò ṣì jẹ́ ewé. Mo sọ èyí nínú kíláàsì, olùkọ́ sì ronú sí i díẹ̀, ó yí padà, ó pa ohun tó kọ sára pátákó rẹ́. Mo ti sọ pé ó máa ń gba àtúnṣe.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni èmi ì bá san gbogbo owó náà fún. Austin yọ orí ìtàgé kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ní bí òṣèré bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eré, òfìfo ni. Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá a lóhùn ní Montreal ní ọdún 1971 pé ibi tí Austin yọ kúrò yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Bí kì í bá ṣe pé a lè tún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sọ, kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́, kí a sọ ọ́ níbí, kí a sọ ọ́ lọ́hùn-ún, kò ní lágbára láti so ẹnikẹ́ni pọ̀. Orí ìtàgé àti pẹpẹ ìjọ ń mu omi nínú kànga kan náà, kànga náà ni àtúnsọ.

Láti dán èyí wò, olùkọ́ yíjú sí alága, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ bá wa ṣe ìdána kan.” Ó mú àgùnbánirọ̀ ọkùnrin kan gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ó mú obìnrin kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, a sì pín ara wa sí ẹbí méjì. Obìnrin yìí dìde. Ìwọ̀nba ohùn tí ó fi ń béèrè omi mímu ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ti lọ. Ohùn mìíràn ni ó jáde. Ó bú àwọn ẹbí ọkọ pé wọ́n pẹ́ dé, ó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa (owó gidi ni, ₦200 tèmi kò padà), ó ní kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ó ní ìdọ̀bálẹ̀ àkọ́kọ́ kò wọlé, ó ní kí wọ́n tún un ṣe, ó kọrin, ó ka lẹ́tà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó ku kí ó gbàdúrà lé àwọn méjèèjì lórí. Ó dákẹ́.

“Mo ti dé ibi tí mo lè bá yín dé,” ni ó wí. “Èyí tó kù, n kò lè fi ṣeré.”

Olùkọ́ rán an létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé Austin ti sọ pé òfìfo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ nínú eré.

“Mo gbọ́ ohun tí Austin wí, ọmọ mi. Bí mo bá ní kí Ọlọ́run so wọ́n pọ̀, tí Ó sì so wọ́n pọ̀ ńkọ́? Ṣé Austin ni yóò wá tú wọn?”

Bàbá láti Ìyàrà ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Àgùnbánirọ̀ obìnrin náà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

A fi wákàtí tó kù jíròrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, kò sì sí ojú ìwé kan nínú ìwé kíkà wa tí ó kọ́ mi tó o. Gbogbo ènìyàn tó bá lọ sí ìdána ló mọ̀ pé ìbínú alága kì í ṣe ìbínú, pé owó ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, pé orin tí ó kọ lónìí ni ó kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ìlú mìíràn fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí a bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, tí bàbá ìyàwó kàn ní “Ẹ máa mú un lọ”, kò sí ẹbí kan tí yóò gbà pé wọ́n fa ọmọ wọn lé ọkọ lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Eré náà ni ó gbé ìṣe náà dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà láàárín méjèèjì, Derrida kò sì lè pa á rẹ́ fún obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọdá rẹ̀. Mo bi í lẹ́yìn kíláàsì pé ibo gan-an ni ààlà náà wà. Ó ní nígbà tí àwọn òbí bá na ọwọ́ sórí àwọn ọmọ ni ohùn òun máa ń yí padà fúnra rẹ̀, òun kò sì tíì ṣe ìdána kan rí tí òun kò gbọ́ ìyípadà náà.

Ohun kan ni olùkọ́ fò ní ọjọ́ náà tí ó dùn mí. Okun ni à ń pe àwa Yorùbá agbègbè Kàbbà, ṣùgbọ́n kò sí ìlú kan tó ń jẹ́ Okun. Kò sí baba ńlá kan tó ń jẹ́ Okun tí Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ jọ ti ara rẹ̀ jáde. Ìkíni wa ni: “Okun o.” Bí a ti ń fi okun kí ara wa lóko, lọ́nà odò, lẹ́nu ọ̀nà, láìsí ẹni tó pa á láṣẹ, ni ìkíni náà fi di orúkọ, tí orúkọ náà sì fi sọ wá di ọ̀kan lójú ara wa àti lójú ìjọba. Bí ẹnìkan bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ó ṣe nǹkan nípa àtúnsọ, ẹnu wa ni ó wà ní gbogbo òwúrọ̀. A jókòó sí Kàbbà, a ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti Judith Butler, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń kọ̀wé lórí ohun tó ń sọ ènìyàn di ọkùnrin tàbí obìnrin, tí èdè wa kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin kí ó tó jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1990. Níbí yìí ni olùkọ́ tún ti da performance pọ̀ mọ́ performativity, ìyàtọ̀ náà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ Butler dúró lé. Kò sọ pé ènìyàn ń jí ní òwúrọ̀, tí ó ń yan bóyá obìnrin ni òun fẹ́ ṣe lónìí bí ẹni yan aṣọ. Ohun tí ó sọ ni pé kò sí obìnrin kan tó ti jókòó sínú ara tẹ́lẹ̀ tí ìṣesí wa wá ń fi hàn. Ìṣesí náà, bí a ti ń tún un ṣe lábẹ́ ojú àwọn ènìyàn tó lè fìyà jẹ ẹni tó bá ṣì í ṣe, ni ó ń dá ohun tí a rò pé ó ń fi hàn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti wá ń lo performative báyìí láti fi bú ẹni tó ń ṣàánú fún kámẹ́rà. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn, ṣekárími ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ohun tí Butler ń sọ.

Wọ́n fi Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ ọmọ Yorùbá, sínú ìwé kíkà, mo sì yìn wọ́n fún èyí. Ìwé rẹ̀ ti 1997 takú pé kí àwọn Òyìnbó tó dé, ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo: a ní ẹ̀gbọ́n, a ní àbúrò, “ó” sì kárí gbogbo wa. Àríyànjiyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n alága dá sí i pé bí ọ̀rọ̀ wa kò bá tilẹ̀ yà wá sọ́tọ̀, ilẹ̀ ń yà wá: ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀, òun sì máa ń tọ́ka sí èyí fún ẹbí méjèèjì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. N kò rò pé ìyẹn ba ẹjọ́ Oyěwùmí jẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé Butler ì bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Àwòrán ni ọ̀sẹ̀ karùn-ún. A rí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ara wọn ṣiṣẹ́: Yoko Ono ní Kyoto ní 1964, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ tí àwọn òǹwòran ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ lára rẹ̀. A rí Marina Abramović ní Naples ní 1974, tí ó to ohun méjìléláàádọ́rin sórí tábìlì, òdòdó wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀, ìbọn àti ọta kan wà níbẹ̀, tí ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kí àwọn ènìyàn ṣe é bó ṣe wù wọ́n, títí wọ́n fi ya aṣọ mọ́ ọn lára, tí ẹnìkan sì na ìbọn náà sí i. Àwọn àgùnbánirọ̀ ní wèrè ni. Ara wọn balẹ̀ nígbà tí a dé Èkó: iṣẹ́ Wura-Natasha Ogunji ti 2013, níbi tí àwọn obìnrin tó bo ojú wọn ti ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn la àdúgbò kọjá, àti Jelili Atiku, tí ó ṣe iṣẹ́ kan ní ìgboro Èjìgbò ní oṣù kìíní ọdún 2016, tí àwọn ọlọ́pàá sì mú un lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó da àlàáfíà ìlú rú, kí wọ́n tó wá fagi lé ẹjọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń mú ènìyàn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí òfìfo. Olùkọ́ ni ó sọ gbólóhùn yìí, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lẹ́nu rẹ̀.

Ojú tí àwọn obìnrin náà bò ni ó gbé egúngún wá. Olùkọ́ fẹ́ fi èrò Richard Schechner, onímọ̀ nípa performance, ṣàlàyé rẹ̀, èyí tó sọ pé ẹni tó ń ṣe ìṣe náà kì í ṣe ara rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ a kò lè sọ pé kì í ṣe ara rẹ̀. Ó ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí aṣọ bò. Bàbá wúkọ́. Obìnrin wà nínú yàrá. Olùkọ́ pa ẹnu dé, ó ṣí àwòrán tó kàn, n kò sì tíì rí ẹ̀kọ́ kan lórí performance tó ṣe kedere tó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ohun tí Austin kọ ìwé lé ni ohun tí sísọ ń ṣe. Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ, àìsọ náà ni ó mú kí ará ọ̀run dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Alága wo òde. Ó dájú pé ó ní èrò tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni íntánẹ́ẹ̀tì já wa kulẹ̀ pátápátá. Kò sí fídíò kan tó ṣí. Ó bá ọjọ́ náà mu lọ́nà kan, nítorí pé Peggy Phelan ni a ń kà, onímọ̀ nípa performance tó kọ ọ́ ní 1993 pé àkókò tí ìṣe náà ń lọ lọ́wọ́ nìkan ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, bí a bá ti gbà á sílẹ̀, ó ti di nǹkan mìíràn. Àwọn ayafọ́tò kò gbà. Inú wọn dùn nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Philip Auslander, tí ó mú fọ́tò Yves Klein, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Faransé, ti 1960 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ọkùnrin náà fò láti orí ògiri bí ẹyẹ, ìgboro sì ṣófo nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló na tapólì sílẹ̀ láti gbà á, inú yàrá ìfọ́tò ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò. Fífò tí a rí yẹn kò ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ju inú fọ́tò lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin láti Bùnú sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ipò, aṣọ pupa tí ilé wọn ń hun, tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè àti mọ́ egúngún. A retí pé yóò gbé e wá. Ó ní òun kò ní bá ìyá òun sọ pé kí ó tú àpótí láìsí ìdí, torí náà fọ́tò inú fóònù ni òun mú wá. Ó ṣàlàyé pé aṣọ náà kì í ròyìn fún ẹnikẹ́ni pé olóyè kú. Títa á síta ni ó ń sọ òkú náà di òkú olóyè. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fún un. Elisha Renne ti kọ odidi ìwé lórí aṣọ Bùnú, ó jáde ní 1995, kò sì sí ojú ìwé kan ṣoṣo láti inú rẹ̀ nínú ohun tí a san ₦3,500 fún. Bí àwọn olùṣètò bá ń ka èyí, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà nìyẹn: kí wọ́n gé Goffman kúrú, kí wọ́n fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá láti ilé, kí wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà.

Ìrẹsì tí wọ́n ń fún wa ní ọ̀sán kò burú. Ẹni tí kò bá ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò ní lè bá ìwé kíkà náà dọ́gba, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a fi ń jíròrò, Bàbá sì tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ láìka ojú ìwé kan.

Ìwé-ẹ̀rí wa dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí a parí. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, wọ́n ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ mi, ààyè tí ó yẹ kí olórí ètò fọwọ́ sí sì ṣófo. Mo pe olùkọ́ lórí fóònù, mo bi í léèrè ohun tí Austin yóò sọ nípa ìwé-ẹ̀rí tí kò sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní kí n mú un bọ̀ ní Àbámẹ́ta tí kíláàsì tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Mo ti ya owó ọkọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀.